Ọ̀rọ̀ Tó Dé Tábìlì Ẹ̀yìn: Bó Ṣe Yẹ Ká Máa Yan Ẹ̀rọ Ohùn fún Òde

Bí ọjọ́ òde bá ti ń súnmọ́, ohun tí olóde sábà máa ń bi ẹni tó fẹ́ yá a ní ẹ̀rọ ohùn ni pé, "Sípíkà mélòó lẹ máa gbé wá? Ṣé ó máa dún dé ìta?" Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí òde bá délẹ̀ tán, àwọn tó jókòó níwájú á máa fọwọ́ bo etí, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa bi ara wọn pé, "Kí ni wọ́n sọ?" Ẹ̀rọ dún lóòótọ́, ó dún dé òpópónà kejì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò dé tábìlì ẹ̀yìn. Ohun tí mo ń sọ kò le: kì í ṣe bí ẹ̀rọ ṣe lè pariwo tó ló yẹ ká fi máa yàn án, bí kò ṣe iye àlejò tí ọ̀rọ̀ máa yé láti orí àga tí wọ́n jókòó sí. Ẹni tó bá gba èyí ní òṣùwọ̀n máa rí i pé ohun gbogbo ló yí padà: irú sípíkà tó máa yá, iye rẹ̀, ibi tó máa gbé e sí, bí wọ́n ṣe máa di máíkì mú, àti owó tó máa jáde lápò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ni òde Yorùbá fi ń gbéra. Níbi ìdána, alága ìdúró àti alága ìjókòó ni wọ́n ń darí ohun gbogbo, pẹ̀lú àwàdà, orin, ẹ̀bẹ̀ àti oríkì. Wọ́n á ka lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó sétí gbogbo ẹbí, bàbá ìyàwó á sì gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀. Níbi ìsìnkú àgbà, wọ́n á sọ ìtàn olóògbé, onílù á sì fi ìyáàlù ki àwọn àlejò ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú gbogbo èyí, jíjẹ àti mímu nìkan ló kù. Ìtàn orin jùjú pàápàá jẹ́rìí sí i. Nígbà tí orin yìí ń gbèrú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ ènìyàn díẹ̀ ló ń kọ ọ́, pẹ̀lú bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú fúnra rẹ̀, torí pé ìlù tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ á bo ohùn olórin mọ́lẹ̀. Ní 1949, Àyìndé Bákárè gbé gìtá tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnga wọ inú jùjú. Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbé ohùn olórin àti gìtá sókè láti ìgbà náà wá, bẹ́ẹ̀ ni àyè ń ṣí fún ìlù púpọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́, gángan sì wà lára wọn, láìpa ọ̀rọ̀ orin lára. Ohun tí ẹ̀rọ wá ṣe fún wa nìyẹn: kí ohùn ènìyàn má bàa sọnù sábẹ́ ìlù. Ẹ̀rọ tó bá tún wá ri ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lónìí ti kọ iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á sílẹ̀.

Iye wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí ló kọ́kọ́ máa ń ṣì wá lọ́nà. Iye tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà síbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ agbára tí sípíkà lè gbé fún ìgbà kúkúrú péré, kì í ṣe èyí tó lè gbé láti àárọ̀ di alẹ́. Sípíkà tí wọ́n kọ 1,000 wáàtì sí lè má ju 250 tàbí 500 lọ bó bá di ti iṣẹ́ àṣekára. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé etí wa kì í ka wáàtì bí a ṣe ń ka owó. Bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì 3 péré, lórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó, ni ohùn fi ń ròkè, ìyàtọ̀ tí ẹlòmíràn lè má fura sí láàárín èrò. Kí ohùn tó dà bíi pé ó di ìlọ́po méjì létí ènìyàn, wáàtì ní láti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó san owó púpọ̀ láti kúrò lórí 500 bọ́ sí 1,000 kò tíì rí ju ìyípadà kékeré rà. Ìdí nìyí tí ẹni tó gbọ́n fi máa ń béèrè iye dẹ́síbẹ̀lì tí sípíkà ń mú jáde lórí wáàtì 1 ní mítà 1. Sípíkà tó ń mú 97 jáde, tí a fún ní wáàtì 250, máa dún bákan náà pẹ̀lú èyí tó ń mú 94 jáde tí a fún ní 500. Iná tí ìkejì ń jẹ ti di ìlọ́po méjì, epo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ sí i, láìsí èrè kankan fún àlejò.

Ọ̀tá gidi tí a ń bá jà lóde kì í ṣe àìlágbára ẹ̀rọ, jíjìnnà ni. Ní gbangba, nígbàkigbà tí ọ̀nà tó wà láàárín sípíkà àti olùgbọ́ bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì 6 ló ń sọnù. Ẹ jẹ́ ká mú kánópì tí wọ́n tò tẹ̀léra títí ó fi gùn tó mítà 32, bí a ṣe máa ń ṣe bí a bá dí òpópónà fún ìnáwó. Wọ́n to sípíkà ńlá méjì sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ìtàgé, ohùn tó ń jáde lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 110 ní mítà 1. Ẹni tó wà ní mítà 2 ń gbọ́ 104; ní mítà 4, ó di 98; ní 8, 92; ní 16, 86; nígbà tó bá máa fi dé tábìlì ìkẹyìn ní mítà 32, ó ti di 80. Níbẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀, ìró abọ́ àti ọ̀rọ̀ tí àwọn àlejò ń bá ara wọn sọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Bí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ bá fi 10 kún un nítorí àwọn ará ẹ̀yìn, àwọn ará iwájú ti bọ́ sínú 114 nìyẹn. Àwọn àgbà ẹbí tí a fi ọ̀wọ̀ mú jókòó síwájú ló sì máa ń jẹ ìyà yìí. Kò sí sípíkà ńlá kan tó lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí láti iwájú, torí pé bó bá ṣe ń gbé ohùn ẹ̀yìn sókè ló ń gbé ti iwájú sókè pẹ̀lú. Àlàfo dẹ́síbẹ̀lì 24 tó wà láàárín tábìlì àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn kò ní kúrò níbẹ̀.

Ohun tó ń dín àlàfo náà kù ni pé kí a gbé ohùn lọ bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n wà. Dípò sípíkà ńlá méjì níwájú, kí a gbé kéékèèké mẹ́rin wá, méjì sí iwájú, méjì sí àárín kánópì, kí gbogbo wọn kọjú sí ẹ̀yìn. Báyìí, ẹni tó jìnnà jù kò ní ju mítà 16 lọ sí sípíkà tó sún mọ́ ọn jù. A lè rẹ ti iwájú sílẹ̀, kí àwọn àgbà lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kí àdúrà dé ẹ̀yìn ketekete. Ohun kan ni kí a má gbàgbé: iná ń sáré gba inú wáyà dé sípíkà àárín lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí mítà 343 ni ohùn ń rìn nínú afẹ́fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn iwájú máa fi nǹkan bí 47 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ kó tó dé àárín, etí á sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ míkísà ìgbàlódé àti àwọn sípíkà kan ló ní ibi tí a ti lè ní kí sípíkà àárín dúró de ti iwájú. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á wọn ọ̀nà, á sì fi ìdá mẹ́ta nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá sí i fún mítà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Gbígbé sípíkà sípò tún ní ìmọ̀ tirẹ̀. Ohùn òkè tín-ín-rín, èyí tó ń gbé s, ṣ, f, t àti k inú ọ̀rọ̀, kì í yí ènìyàn po bí béèsì ti ń ṣe. Ara àti gèlè àwọn tó jókòó níwájú ló ń gbé e mì. Bí a bá gbé sípíkà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sórí àga, béèsì nìkan ló máa kù fún ẹ̀yìn, ìyẹn ohùn tó ń dún gbùù láìsí ọ̀rọ̀ nínú. Orí ọ̀pá ni ibi tó yẹ ẹ́, kí ẹnu rẹ̀ ga ju orí àwọn tó jókòó lọ dáadáa, kí a sì dorí rẹ̀ kodò díẹ̀ sí wọn. Nínú gbọ̀ngàn tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìlì, tí ògiri rẹ̀ sì le, ìṣòro mìíràn ni gbohùngbohùn: ohùn á máa ta lára ògiri padà, á sì máa gun ara wọn lórí. Kí a yí ojú sípíkà sí àwọn ènìyàn, kí a má kọ ọ́ sí ògiri tàbí àjà. Àwọn sípíkà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó, tí wọ́n to ọ̀pọ̀ sípíkà kéékèèké sínú wọn lórí ara wọn, dára púpọ̀ fún irú ibẹ̀, torí pé wọ́n ń fọ́n ohùn sí ọ̀tún àti òsì ju bí wọ́n ṣe ń fọ́n ọn sí òkè lọ.

Máíkì ni mo fẹ́ kí a wò fínnífínní, torí pé òun ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi rí ohùn tó mọ́ láìná kọ́bọ̀. Ẹ wo alága tó gbá orí máíkì mú pátápátá sínú àtẹ́lẹwọ́, bí àwọn olórin kan ti ń ṣe. Lábẹ́ irin wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ orí máíkì ni ihò kéékèèké wà, tó ń jẹ́ kó gbọ́ ohun tó wà níwájú rẹ̀, kó sì di etí sí ohun tó wà lẹ́yìn. Bí ọwọ́ bá ti dí ihò náà, máíkì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìhà gbogbo. Á gbọ́ sípíkà, sípíkà á tún gbé ohun tó gbọ́ jáde, híhan tó ń gún etí á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á rẹ ohùn sílẹ̀, alága á ní wọn ò gbọ́ òun, wọ́n á tún gbé e sókè, híhan á tún dé. Ọrùn máíkì ló yẹ kí ọwọ́ wà. Kí ẹnu sún mọ́ ọn, kí ẹni tó mú un má sì rìn lọ sí iwájú sípíkà. Bí alága bá gbé máíkì láti sẹ̀ǹtímítà 20 wá sí 5, dẹ́síbẹ̀lì 12 ni ohùn rẹ̀ máa fi pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fi agbára iná rí irú èrè bẹ́ẹ̀ máa nílò wáàtì ìlọ́po 16. Máíkì olókùn tó dára, tí wọ́n dì mú bó ṣe yẹ, sàn ju máíkì aláìlókùn olówó pọ́ọ́kú tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ. Bí a bá sì máa lo aláìlókùn, kí bátìrì tuntun wà nínú rẹ̀, kí òmíràn wà nílẹ̀.

Bí a bá ti mọ èyí, yíyan ẹ̀rọ kò le mọ́. Fún ìsọmọlórúkọ òwúrọ̀ tí ènìyàn rẹ̀ kò ju 50 lọ, tàbí fún àdúrà létí sàréè níbi tí kò sí iná, sípíkà oníbátìrì kan tí a lè fi ọwọ́ kan gbé, tí a gbé sórí ọ̀pá, tó gbogbo ohun tí a nílò. Kí a kàn rántí pé wákàtí tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí kò bá ń dún jù. Fún èrò bí 100 sí 200 nínú gbọ̀ngàn, sípíkà méjì oní-íǹṣì 12 tí amplifáyà wà nínú wọn, míkísà kékeré kan àti máíkì olókùn méjì tó. Bí ilé bá gùn tàbí bí èrò bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, iye sípíkà ló yẹ kó pọ̀ sí i kí a tó máa ronú lórí títóbi wọn. Ní ti iná, ọ̀rọ̀ àti orin kì í wà lórí góńgó nígbà gbogbo, nítorí náà iná tí ẹ̀rọ ń jẹ sábà máa ń kéré gan-an sí iye tó wà lára páálí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí ògiri wà láàárín òun àti àlejò, kí wáyà tó ń gbé iná wá nípọn, kí fíríìsà onímíníràlì má sì wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú míkísà.

Àwọn kan á ní òde tí kò bá mì tìtì kì í ṣe òde, pé béèsì tó ń gbá àyà ni ènìyàn fi ń mọ̀ pé òde dé. Mo gbà pé ijó fẹ́ béèsì. Ṣùgbọ́n ibi ijó àti ibi ìjókòó kì í ṣe ibì kan náà. Kí àpótí béèsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ijó, kí ẹni tó fẹ́ jó lọ bá a níbẹ̀. Bí béèsì bá pọ̀ jù, ó máa ń bo àwọn ohùn tó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí etí wa ti rí nìyẹn. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti obìnrin ń tó 200 sí 250, kò sì jìnnà sí ibi tí béèsì tó bú jù ti ń dà gìrìgìrì. Nínú èdè tiwa, tí òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ń yí ìtumọ̀ padà, ìbàjẹ́ ńlá nìyẹn, nítorí orí òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn yìí kan náà ni ìyáàlù gbé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà. Onílù tó ń kini, tí ẹni tó ń kì kò mọ̀ pé òun ni, ti ṣiṣẹ́ lásán, ẹni náà kò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó náwó. Lára ọ̀pọ̀ míkísà, bọ́tìnì kékeré kan wà lórí ìlà máíkì tó ń gé ohùn tó bá ń gbọ̀n ní ìsàlẹ̀ ìgbà 80 tàbí 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí a tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo máíkì tí a fi ń sọ̀rọ̀. Kò mú ohunkóhun kúrò lára ijó, ó sì mú ìbúgbùù kúrò lára ọ̀rọ̀.

Àtakò kejì ni ti owó: sípíkà mẹ́rin wọ́n ju méjì lọ. Bó bá jẹ́ irú kan náà ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mẹ́rin kéékèèké ni mo ń sọ dípò méjì ńlá pẹ̀lú àpótí béèsì rẹpẹtẹ, èyí tó ń fẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin àti jẹnẹrétọ̀ ńlá. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin bá kú láàárín òde, mẹ́ta ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú méjì bá kú, ìdajì òde ti sọnù. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ju méjì lọ náà kò sì padánù: kó gbé wọn kúrò ní ìpẹ̀kun kánópì, kó gbé wọn sí àárín ẹ̀gbẹ́ gígùn, kí ọ̀kan kọjú sí apá kan, kí èkejì kọjú sí apá kejì. Ọ̀nà tó jìn jù ti dín kù sí ìdajì láìsan owó kankan lé e. Àwọn mìíràn á ní kí ni ká wá ṣe sí aládùúgbò tó ń ṣe òde tirẹ̀ ní òpópónà kan náà, tí ariwo rẹ̀ ń ya wọ tiwa. Bí a bá gbé tiwa sókè, òun náà á gbé tirẹ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ nǹkan. Ẹni tí sípíkà rẹ̀ kúrò ní mítà 16 sí àlejò, tó wá di mítà 4, ti rí dẹ́síbẹ̀lì 12 gbà láìfọwọ́ kan bọ́tìnì. Kó wá kọ ẹ̀yìn sípíkà náà sí aládùúgbò, ìjà ti parí.

Ọ̀rọ̀ ìlera wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, gbà pé etí lè fara da dẹ́síbẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ. Bí ohùn bá fi 3 ròkè, àkókò náà á dín kù sí ìdajì: wákàtí kan ni fún 94, ìṣẹ́jú 15 péré sì ni fún 100. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2022 fún àwọn ibi ayẹyẹ, 100 ni òpin tí wọ́n fi sí i lórí ìṣírò ìṣẹ́jú 15. Ní tábìlì iwájú tí a ṣàpèjúwe lẹ́ẹ̀kan, 104 ni, òde wa kì í sì í tètè parí. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ ọwọ́ wá, àwọn ọmọdé tó ń ṣeré nídìí sípíkà, ta ló ń ka wákàtí fún wọn? Bí ènìyàn bá sì ti ń dàgbà, ohùn òkè tín-ín-rín ni etí kọ́kọ́ ń pàdánù, ohùn tó ń gbé kọ́ńsónáǹtì ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí àgbà fi ń gbọ́ ariwo, tí kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn tí a torí wọn ṣe òde ló nílò ohùn tó mọ́ jù, àwọn gan-an ni béèsì ń ṣe léṣe jù. Àwọn aládùúgbò náà ní ẹ̀tọ́. Ní Èkó, LASEPA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó àyíká, fi 55 ṣe òpin ohùn ní àdúgbò ibùgbé lọ́sàn-án àti 45 lóru, wọ́n sì ti ti ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn àti ilé fàájì pa nítorí ariwo. Sípíkà tó bá ń mú 110 jáde ní mítà 1 ṣì lè jẹ́ 74 ní mítà 64 bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́nà. Àwọn àgbà ti sọ pé ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya.

Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yáni lè ní gbogbo èyí kò kan irinṣẹ́, pé ọwọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀ ló wà. Òótọ́ ni, dé ìwọ̀n kan: ọwọ́ tó mọṣẹ́ lè mú ohùn rere jáde lára ẹ̀rọ kékeré, ọwọ́ tí kò mọṣẹ́ sì lè ba olówó ńlá jẹ́. Ìdí gan-an nìyí tó fi yẹ kí owó tí a fẹ́ fi fẹ àpótí lójú lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa jókòó tì í. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ ká béèrè pé: ṣé ẹ máa wá wo ibẹ̀ ṣáájú? Ta ló máa dúró ti míkísà títí òde á fi parí? Ibo ni ẹ máa gbé sípíkà sí, kí sì ni ọ̀nà tó jìn jù sí àlejò? Ṣé ẹ máa parí ìdánwò kí èrò tó jókòó? Ìdánwò náà kò fẹ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n kankan. Kí ẹnì kan ka orúkọ mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ sínú máíkì, kí jẹnẹrétọ̀ máa ṣiṣẹ́, kí ẹlòmíràn jókòó sí tábìlì ìkẹyìn, kó kọ orúkọ tó gbọ́ sílẹ̀. Bí ó bá rí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá kọ, kí òde bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ju márùn-ún lọ, kí wọ́n gbé sípíkà kúrò níbi tó wà, kí wọ́n má kàn fi ohùn kún un. Àlejò tí a pè ti ran aṣọ ẹbí, ó ti wọ ọkọ̀, ó ti fi ọjọ́ Sátidé rẹ̀ ta wá lọ́rẹ. Ohun tó kéré jù tí a jẹ ẹ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ tí a pè é wá gbọ́ yé e.